Ọba Tí Kì Í Dùbúlẹ̀

Nígbà tí alùfáà dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ pósí bàbá àgbà mi, tó sì sọ pé, "Lónìí, akọni kan ti dùbúlẹ̀," mo gbọ́ tí ẹnì kan húkọ́ lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Kò dìgbà tí mo bá bojú wẹ̀yìn kí n tó mọ̀ pé Àlùájì Súlè ni, ọ̀rẹ́ bàbá àgbà láti kékeré, tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì tó kẹ́yìn pẹ̀lú fìlà funfun lórí. Ìyá àgbà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi kò húkọ́ ní tirẹ̀. Ó kàn fi ẹnu sí mi létí, ó ní, "Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún un? Bàbá yín ò dùbúlẹ̀ fún ẹnikẹ́ni rí, àfi ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo."

Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo yẹn ni mo fẹ́ sọ. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá mọ irú èèyàn tí bàbá àgbà mi jẹ́ kò lè mọ bó ṣe dùn ún tó, nítorí náà ẹ fara balẹ̀ fún mi.

Mi ò ní í kọ ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ láti ìbí dé ikú. Ìyẹn wà nínú ìwé pélébé tí a pín níbi ìsìnkú, pẹ̀lú fọ́tò kan tó dà bí ẹni pé ó ń bínú sí ayàwòrán. Ẹ ṣáà mọ̀ pé tíṣà ni, pé ó kọ́ ọmọ ní Àrándùn àti Òkè-Ọdẹ kó tó padà wá fẹ̀yìn tì sílé ní Ọ̀mù-Àrán, pé àgbà ìjọ ni, àti pé gbogbo ìlú ló ń pè é ní Tíṣà, títí kan àwọn tí kò kọ́ rí. Ẹ sì mọ̀ pé ó ń ta ṣẹ́ẹ̀sì.

Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ tó lọ ló kọ́ ọ, òyìnbó kan tí òjò máa ń sú. Bí òjò bá ti dá wọn dúró sílé, yóò gbé pátákó rẹ̀ jáde. Nígbà tí òyìnbó náà ń lọ sílé pátápátá, ó fi pátákó àti àwọn ère igi orí rẹ̀ ta Bàbá lọ́rẹ. Ẹni tí kò bá mọ eré náà, kò le: èèyàn méjì ni, ọ̀kan ní ère funfun, èkejì ní dúdú. Kálukú ní ọba kan, ayaba kan, àwọn ẹṣin, àwọn bíṣọ́ọ̀bù, àti ọmọ ogun wẹ́wẹ̀ẹ̀wẹ́. Ẹni tó bá ká ọba ẹnìkejì mọ́ tí kò fi rí ibi sá sí ló jẹ. Ẹni tó bá sì rí i pé apá òun kò ká a mọ́, kò ní dúró dìgbà tí wọ́n bá ká òun mọ́. Yóò fi ọwọ́ ara rẹ̀ da ọba rẹ̀ dùbúlẹ̀ lórí pátákó, yóò bọ ẹnìkejì lọ́wọ́. Gbogbo ayé ló ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Bàbá àgbà kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ní ọba kì í kú, ọba ń wàjà ni. Ta wá ni òun, ọmọ àgbẹ̀, tí òun yóò fi ìka méjì ti ọba ṣubú? Nígbà ìsinmi kan, ó kó gbogbo àwa ọmọ-ọmọ lọ sí Ẹ̀sìẹ́ láti lọ wo àwọn ère òkúta. Bí àwa ti ń wo èyí tí imú rẹ̀ ti ṣí àti èyí tí apá rẹ̀ ti kán, Bàbá dúró níwájú ọ̀kan tí kò lórí rárá, tó jókòó sórí àpótí rẹ̀ ṣinṣin. Ó bọ́ fìlà.

"Ẹ wo ọba."

Dàpọ̀ àbúrò mi ní, "Bàbá àgbà, ṣebí kò lórí."

"Mo rí i. Ṣé ó kúrò lórí àpótí?"

Nígbà tí a délé, a ròyìn fún Ìyá àgbà, ó sì bú sí ariwo: àgbà ìjọ ló wá lọ bọ́ fìlà fún ère? Bàbá gbé ìwé tó ń kà sísàlẹ̀. Ó ní, "Ìyá Délé, ìjókòó rẹ̀ ni mo kí. Orí lè fọ́ o, ìdí kì í kúrò lórí àpótí."

Ohun tí agídí yìí wá bí ni pé kò sí eré Bàbá tí kì í dé òpin. Níbi tí àwọn ẹlòmíràn ti ń da ọba dùbúlẹ̀ tí wọ́n ń lọ jẹun, Bàbá ṣì wà níbẹ̀ pẹ̀lú ọba kan àti ọmọ ogun kan, ó ń wá ọ̀nà. Díẹ̀díẹ̀, ẹni tó ń jìyà ìparí eré lójoojúmọ́ di ọ̀gá nínú ìparí eré. Àwọn ọ̀dọ́ tíṣà tí wọ́n kàwé lórí bí a ṣe ń bẹ̀rẹ̀ máa ń nà án nà án títí ilẹ̀ pátákó yóò fi ṣófo, inú wọn yóò sì máa dùn. Wọn kò mọ̀ pé ìgbà tí ilẹ̀ bá ṣófo ni Bàbá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ bàtà.

Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé láti ẹ̀yìn ló ti kọ́ àwa náà. Odindi ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ọba méjì péré ló fi síwájú èmi àti Dàpọ̀. Kò sí ẹṣin, kò sí ọmọ ogun. Ọba funfun, ọba dúdú, ilẹ̀ gbalasa. Dàpọ̀ ní, "Bàbá àgbà, kí la wá ń ṣe gan-an?" Bàbá ní, "Ẹ ń kọ́ bí a ṣe ń dúró." Ó wá ṣàlàyé pé bí ọba méjì bá kojú ara wọn tí ilé kan ṣoṣo, ọ̀kan nínú àwọn ojú funfun àti dúdú orí pátákó, wà láàárín wọn, kò sí èyí tó lè sún mọ́ èkejì. Ẹni tó bá kàn láti rìn ló wà nínú wàhálà, nítorí ó di dandan kó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, bó bá sì ti yà, ẹnìkejì á wọlé. Ó ní ó dà bí àna méjì tó pàdé lójú ọ̀nà tí kálukú ń retí kí ẹnìkejì kọ́kọ́ kí òun. "Ẹni tí ara rẹ̀ kò balẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ mira."

Kì í ṣe orí pátákó nìkan ló ti ń lo ẹ̀kọ́ yìí. Ní ọjọ́ kan tí mo tẹ̀ lé e lọ sí Àrándùn, a dé orí afárá tóóró kan, ọlọ́kadà kan sì ń bọ̀ láti òdìkejì pẹ̀lú àpò gbágùúdá lẹ́yìn. Bàbá dúró. Ọlọ́kadà dúró. Ó fun fèrè. Bàbá kò mira.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yà fún mi."

"Ìwọ ló kàn," ni Bàbá wí.

"Èmi ló kàn láti ṣe kí ni?"

"Láti rìn."

Ọmọkùnrin náà wò mí, bí ẹni ń béèrè bóyá orí Bàbá pé. Mo wo odò. Níkẹyìn, ó fi ẹsẹ̀ ti ọ̀kadà rẹ̀ sẹ́yìn títí ó fi kúrò lórí afárá, ó sì dọ̀bálẹ̀ kí Bàbá, nítorí pé ọmọ dáadáa ni. Bàbá súre fún un gidi. Nígbà tí a kọjá tán, ó sọ fún mi wẹ́rẹ́, bí ẹni ń sọ àṣírí, "Ìrìn mẹ́rin ló kù kó gbá mi sódò, Fúnmi. Ṣùgbọ́n kò mọ̀."

Mi ò mọ bó ṣe ka ìrìn mẹ́rin yẹn dòní. Bó ṣe máa ń sọ̀rọ̀ nìyẹn bí ẹ̀rù bá ti bà á tán.

Gbólóhùn tí mo gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ jù ni, "Ẹ jẹ́ n ronú." Ìyá àgbà yóò pè é pé iyán ti ń tutù. Ẹ jẹ́ n ronú. Délé, àkọ́bí wọn, yóò ní kí a wá ya fọ́tò ọdún Kérésì. Ẹ jẹ́ n ronú. Ìyá àgbà, tó jẹ́ ọmọ Rore, sọ fún wa pé lọ́jọ́ tí Bàbá àti àwọn ẹbí rẹ̀ wá tọrọ òun, bàbá òun bi í níwájú gbogbo èèyàn pé, "Ṣé o máa tọ́jú ọmọ mi?" Bàbá ní, "Ẹ jẹ́ n ronú."

Ìyá ìyàwó bẹ̀rẹ̀ sí í nu ojú. Àwọn ẹbí ọkọ bẹ̀rẹ̀ sí í wo bàtà ara wọn. Ó pẹ́ dáadáa kí Bàbá tó gbé orí sókè, tó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Mo ti ń kó ẹrù mi padà sí yàrá nígbà yẹn," ni Ìyá àgbà máa ń wí. Lẹ́yìn náà yóò rẹ́rìn-ín, yóò sì fi kún un pé, "Ó máa ń pẹ́ kó tó gbéra. Ṣùgbọ́n bó bá ti gbéra, kì í padà sẹ́yìn."

Àwọn tó mọ ṣẹ́ẹ̀sì jù láyé, àwọn tí wọ́n fún ní oyè ọ̀gá àgbà, Bàbá mọ ìgbésí ayé wọn bó ṣe mọ ti àwọn ará àdúgbò. Ìwé ìròyìn àlòkù ló fi ń tẹ̀ lé wọn tẹ́lẹ̀. Nígbà tó yá, Dàpọ̀ ra fóònù olójú gbàǹgbà fún un. Nítorí pé orúkọ wọn kò gbọ́ ahọ́n rẹ̀, ó sọ kálukú wọn lórúkọ. Ọ̀kan ń jẹ́ Aṣọ́bodè, nítorí pé kò sẹ́ni tó lè wọ ilé rẹ̀. Ọ̀kan ń jẹ́ Gbajúmọ̀: ó di ọ̀gá àgbà nígbà tí irùngbọ̀n rẹ̀ kò tíì hù, kò sì sẹ́ni tó lè bẹ̀rẹ̀ eré bíi tirẹ̀. Ṣùgbọ́n bí eré bá ti gùn, yóò máa wo aago, yóò máa wo ilẹ̀kùn. Bàbá rí i tó gòkè, ó rí i tó ń sọ̀ kalẹ̀, títí dìgbà tí àwọn ọmọdé bẹ̀rẹ̀ sí í nà án níparí. Ó dùn ún bí ẹni pé ọmọ rẹ̀ ni. "Ẹni tó mọ ẹnu ọ̀nà ilé pọ̀," ni yóò wí. "Èèyàn mélòó ló mọ ẹ̀yìnkùlé?"

Ó wá ń gbàdúrà fún wọn. Níbi àdúrà òwúrọ̀ ilé wa, lẹ́yìn tí a bá ti rántí àwọn aláìsàn, àwọn arìnrìn-àjò àti àwọn olórí ìlú, Bàbá yóò rẹ ohùn sílẹ̀: "Olúwa, rántí Gbajúmọ̀ tó fi ẹṣin rẹ̀ ṣòfò lánàá. Tù ú nínú. Fún un ní sùúrù." A ó ṣe àmín. Díákónì kan tó sùn sílé wa ní ọjọ́ kan ṣe àmín tiẹ̀ sókè ju ti gbogbo wa lọ. Nígbà tí a ń mu ògì, ó ní, "Tíṣà, ẹ kò sì sọ fún ìjọ. Ẹṣin kì í ṣe nǹkan kékeré. Ṣé ká dá nǹkan jọ fún ọkùnrin náà?"

Ìyá àgbà ní kí ó máa mu ògì rẹ̀.

"Ṣé àwọn yẹn tiẹ̀ mọ̀ pé à ń gbàdúrà fún wọn?" ni ó wá bi Bàbá lẹ́yìn tí àlejò lọ.

Bàbá ní, "Àdúrà tí ẹni tí a gbà á fún bá gbọ́, ìkíni nìyẹn."

Ẹ rántí gbólóhùn yìí. Mi ò mọ̀ nígbà náà pé ẹlòmíràn yóò tún un sọ lọ́nà tirẹ̀.

Àlùájì Súlè ń ra iṣu ní Rore àti Òkè-Ọdẹ, ó ń tà á ní Ìlọrin. Bàbá ló kọ́ ọ ní ṣẹ́ẹ̀sì, ó sì kábàámọ̀ rẹ̀ lójoojúmọ́. Àlùájì ló máa ń mú funfun, nítorí pé funfun ló ń kọ́kọ́ rìn, kò sì lè dúró. Ọwọ́ rẹ̀ yá, ẹnu rẹ̀ yá jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bó bá jẹ bíṣọ́ọ̀bù Bàbá, yóò gbé e sókè kí àwọn tó ń kọjá lójú títì rí i: "Ẹ lọ sọ fún ṣọ́ọ̀ṣì o! Mo ti mú bíṣọ́ọ̀bù wọn!"

Bí àkókò ìrun bá tó, eré yóò dúró. Àlùájì yóò lọ kírun, yóò padà wá, yóò sì rìn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

"Súlè, o lọ ronú lórí ení ìrun."

"Èmi? Ìwọ ńkọ́, o kì í ronú nígbà ìwàásù?"

Láti ọjọ́ yẹn, Bàbá kò bá a sọ ọ̀rọ̀ ení ìrun mọ́.

Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ọdún wọn, Àlùájì kò jẹ Bàbá rí. Ó máa ń ṣíwájú, ó máa ń kó o lẹ́rù, ó máa ń kọrin sí i. Bí ilẹ̀ bá ti ṣófo, Bàbá yóò wọ bàtà. Bí kò bá jẹ, yóò fi di ọ̀mì. Ohun kan ṣoṣo tí Àlùájì ń fẹ́ láyé yìí, lẹ́yìn tó ti lọ sí Mẹ́kà tó sì ti kọ́lé, ni kí ọba Tíṣà dùbúlẹ̀ lójú òun.

Bí nǹkan ṣe wà nìyẹn nígbà tí ìpá bẹ̀rẹ̀ sí í yọ Àlùájì lẹ́nu. Ó fi pa mọ́ títí kò fi lè fi pa mọ́ mọ́. Dókítà ní Ìlọrin ní iṣẹ́ abẹ ni, kò sì gbọ́dọ̀ pẹ́: bó bá lọ fún pọ̀, ó lè gbẹ̀mí rẹ̀. Rìsíkátù ọmọ Àlùájì ti tọ́jú gbogbo nǹkan. Mọ́tò ti wà níta. Àlùájì ní òun kò lọ.

Nítorí kí ni? Nítorí pé eré kan wà nílẹ̀ láàárín òun àti Tíṣà, òun ló sì ń jẹ.

Òótọ́ ni pé ó dà bí ẹni ń jẹ. Àlùájì ní ọba, ó ní bíṣọ́ọ̀bù kan, ó ní ọmọ ogun kan ní etí pátákó lọ́hùn-ún. Bàbá kò ní nǹkan kan àfi ọba rẹ̀. Bí ọmọ ogun bá rìn dé òpin pátákó, á di ayaba, eré á sì parí. Ṣùgbọ́n igun ni òpin ọ̀nà ọmọ ogun yẹn, inú igun náà gan-an ni ọba Bàbá jókòó sí. Ilé funfun ni igun. Ilé dúdú nìkan sì ni bíṣọ́ọ̀bù tó kù fún Àlùájì ń rìn, bí wọ́n ṣe dá a nìyẹn, kò lè tẹ funfun láéláé. Kò sí bó ṣe fẹ́ lé ọba jáde ní igun. Bó bá sì fún un mọ́ ibẹ̀ jù, tí ọba kò rí ibi gbé ẹsẹ̀ sí, tí kò sì sẹ́ni tó halẹ̀ mọ́ ọn, ọ̀mì nìyẹn. Bàbá mọ̀. Àwọn ọ̀gá àgbà ayé mọ̀. Àlùájì kò mọ̀.

"Mo ní bíṣọ́ọ̀bù, mo ní ọmọ ogun," ni yóò wí lórí àga rẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, tó fi ọwọ́ kan di abẹ́ ikùn mú. "Ìwọ ní kí ni, Tíṣà? Orúkọ!"

"Mo ní igun."

"Da ọba ẹ dùbúlẹ̀."

"Gbà pé ọ̀mì ni."

"Mo kọ̀."

Dàpọ̀ ka òfin rẹ̀ fún wọn lórí fóònù, pé bí a bá rìn títí tí a kò jẹ nǹkan kan, ọ̀mì ni. Àlùájì ní òfin yẹn kò tíì dé Ọ̀mù-Àrán. Bí ó ṣe di pé lójoojúmọ́ ni wọ́n ń jókòó nìyẹn. Bíṣọ́ọ̀bù lọ, bíṣọ́ọ̀bù bọ̀. Ọba kúrò ní igun, ọba padà sí igun. Ojú Àlùájì sì ń funfun sí i.

Rìsíkátù wá sílé wa. Ó kúnlẹ̀ níwájú Bàbá pẹ̀lú gèlè lọ́wọ́.

"Bàbá Tíṣà, ẹ dákun, ẹ jẹ́ kí ó jẹ."

"Kò lè jẹ ẹ́, ọmọ mi. Igun ni mo wà."

"Bàbá, mọ́tò ti wà níta láti ìjẹta. Bàbá mi ní bí òun bá kú sórí bẹ́ẹ̀dì wọn, ẹ ó máa sọ fún gbogbo ayé pé òun ò jẹ yín rí."

"Èmi kò ní í sọ bẹ́ẹ̀." Bàbá ronú. "Mi ò ní í sọ ọ́ púpọ̀."

Ìyá àgbà kò lè mú un mọ́ra mọ́. "Bàbá Délé, igi ni! Igi lásán tí òyìnbó gbẹ́! Súlè kì í ṣe igi!"

"Ẹ jẹ́ n ronú," ni Bàbá wí, ó sì wọ yàrá.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, Bàbá ṣáájú wa nínú àdúrà. Ó rántí àwọn aláìsàn. Kò dárúkọ Gbajúmọ̀, kò dárúkọ Aṣọ́bodè. Dàpọ̀ la ojú kan wò ó. Lẹ́yìn náà Bàbá ní, "Olúwa, ìwọ tí kì í ṣe agídí, dárí jì mí," ó sì ṣe àmín fúnra rẹ̀ kí àwa tó ṣe é. Ó gbé fìlà, ó ní kí n tẹ̀ lé òun.

Àlùájì ti wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó jókòó ní ìdajì ìdí, nítorí ìrora. Ó gbé bíṣọ́ọ̀bù, ó gbé e lọ síbi tó ti gbé e lọ lánàá àti níjẹta.

Bàbá wo pátákó. Ó wò ó títí mo fi rò pé ó ti sùn. Ó wá bọ́ fìlà, ó gbé e lé orúnkún. Ó na ọwọ́ méjèèjì, ó gbé ọba dúdú kúrò ní igun, ó sì tẹ́ ẹ sílẹ̀ lórí pátákó pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ìgbà tí a bá ń tẹ́ ọmọ tuntun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sùn.

Rìsíkátù fi ọwọ́ bo ẹnu. Èmi náà fẹ́rẹ̀ẹ́ bú sẹ́kún, nítorí igi lásán.

Àlùájì fura. "Kí ló dé?"

"Mo ti rí i," ni Bàbá wí.

"O rí kí ni?"

"Ibi tí o ń lọ. Mo ti rí ibi tí o ń lọ láti ìjẹta. Kò sí ọ̀nà mọ́."

Àlùájì, tí kò lọ síbì kankan láti ìjẹta, wo pátákó, ó wo Bàbá, ó tún wo pátákó. Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ sí í yọ láti igun ẹnu rẹ̀.

"O wá rí i lónìí? Ó pẹ́ tí mo ti rí i! Mo kàn ń wò ọ́ ni!" Ó pariwo sójú títì, "Ẹ wá o! Ẹ wá wo ọba Tíṣà!" Ó mú ọba dúdú, ó jù ú sápò agbádá. "Ìgbèkùn mi nìyí. Èmi pẹ̀lú ẹ̀ ló ń lọ sí Ìlọrin. Rìsí, mọ́tò dà?"

Ó lọ. Ọlọ́run ṣe é, wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ náà láyọ̀. Dókítà ní bó bá pẹ́ díẹ̀ sí i, ọ̀rọ̀ ì bá yàtọ̀. Ó padà wá, ara rẹ̀ le koko, ẹnu rẹ̀ sì le ju ara rẹ̀ lọ. Kò dá ọba náà padà. Ìdérí ìgò oògùn ikọ́ ni Bàbá wá ń fi ṣe ọba. Bí wọ́n bá pàdé lọ́jà, Àlùájì yóò ti òdìkejì kígbe, "Tíṣà! Ọba tó dùbúlẹ̀ ńkọ́?" Bàbá yóò ní, "Ó wà." Àwọn ọmọ iléèwé gbọ́ ọ, wọ́n sọ ọ́ di orin. Bàbá yóò bọ́ fìlà fún wọn, yóò kọjá.

Ó ká Ìyá àgbà lára ju Bàbá lọ. Ní ọjọ́ kan tí Àlùájì ṣe é níwájú ṣọ́ọ̀ṣì gan-an, bí ìsìn ti ń túká, Ìyá àgbà ti la ẹnu tán láti tú gbogbo rẹ̀. Bàbá dì í lọ́wọ́ mú. Ó ní, "Ìyá Délé, ohun tí a bá fún èèyàn, a kì í tẹ̀ lé e lọ sílé rẹ̀."

Ìyẹn ni ohun tó gbé lọ sí sàréè. Bàbá, tí ara rẹ̀ le, tí kò sí ìpá tàbí ikọ́ kan lára rẹ̀, ló kọ́kọ́ lọ. Ó ti ìsìn Sunday dé, ó jókòó sórí àga rẹ̀, ó ní kí Ìyá àgbà jẹ́ kí òun ronú díẹ̀ kí òun tó jẹun. Orí àga náà ni ó wà. Ìyá àgbà fẹ́ kí gbogbo èèyàn mọ̀ pé kò dùbúlẹ̀.

Lẹ́yìn ìsìnkú, nígbà tí àwọn èèyàn ti túká, Àlùájì wá sílé wa, ó jókòó ní ìdojúkọ àga Bàbá. Kò pariwo. Ó ní kí n gbé pátákó wá. Ó to ère mẹ́ta sí i: ọba funfun, bíṣọ́ọ̀bù, ọmọ ogun etí pátákó. Ó yọ ọba dúdú láti inú àpò. Ara rẹ̀ ti ń dán nítorí bí ọwọ́ ṣe ń pa á.

"Ìyàwó," ni ó wí fún Ìyá àgbà, "nígbà tí mo wà lórí bẹ́ẹ̀dì ní Ìlọrin, mo ń fi eré yìí yangàn fún gbogbo wọ́ọ̀dù. Dókítà kékeré kan wá wò ó. Ó ní, 'Bàbá, ẹ kò lè jẹ eré yìí títí ayé. Bíṣọ́ọ̀bù yín kò dé igun.'" Ó mi orí. "Èmi mùsùlùmí, bíṣọ́ọ̀bù ló dójú tì mí."

Ìyá àgbà dìde dúró. "Ẹ ti mọ̀ láti Ìlọrin? Ẹ sì ń fi ọkọ mi ṣe yẹ̀yẹ́ káàkiri ìlú?"

"Mo mọ̀."

"Àlùájì! Kí ló dé tí ẹ ò fi dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀?"

Àlùájì ń fi àtàǹpàkò nu orí ọba náà. "Bí mo bá dúpẹ́, ọpẹ́ mi ni ì bá jẹ́ èrè rẹ̀. Kí ni ọpẹ́ mi tó? Mo fẹ́ kí èrè rẹ̀ pé dè é lọ́hùn-ún. Nítorí náà mo ń pariwo." Ó húkọ́, irú èyí tó hú ní ṣọ́ọ̀ṣì. "Tíṣà kò purọ́ rí láyé ẹ̀. Ẹyọ kan tó pa, nítorí tèmi ni. Kí Ọlọ́run má bi í."

Ó gbé ọba dúdú, ó fi í sí igun rẹ̀, lórí ilé funfun, ó sì nà án ró. Ó tún un nà kí ó lè dúró dáadáa. Ìyá àgbà wo pátákó, ó wo àga tó ṣófo, ó fi etí ìró nu ojú.

"Àlùájì, ta ló kàn?"

"Òun ló kàn."

Ìyá àgbà jókòó padà. "Ẹ jẹ́ kó ronú nígbà náà," ni ó wí. "Ẹ ṣáà mọ̀ pé ó máa ń pẹ́ kó tó gbéra."